Ọgbà Ẹ̀wọ̀n Ọ̀tọ̀ fún Àwọn Ọ̀daràn Ńlá: Ó Ha Tọ́ Bí?

Ìbéèrè kan wà tí àwa ọmọ Ìbàràpá kò lè yẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Bí ọwọ́ bá tẹ adigunjalè, tàbí ẹni tí ó jí ènìyàn gbé, tàbí ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹlòmíràn, tí adájọ́ sì ti dá a lẹ́bi, ibo ni ó yẹ kí a fi í sí? Ṣé inú ọgbà kan náà pẹ̀lú ọmọdékùnrin tí ó jí ewúrẹ́ ni, tàbí kí a kọ́ ọgbà mìíràn fún un, ọgbà tí ògiri rẹ̀ ga, tí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ pọ̀, tí ó sì ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ pátápátá? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti dáhùn kí a tó béèrè tán. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, mo sì fẹ́ kí a fẹ̀sọ̀ mú èyí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ohun méjì ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di tiwa. Èkíní ni ohun tí ojú wa rí ní ọdún 2020 àti 2021, nígbà tí àgbẹ̀ kò lè lọ sí oko láìbojú wẹ̀yìn, tí a ń jí ènìyàn gbé lójú ọ̀nà, tí àwọn ẹbí sì ń ta ohun ìní wọn kí wọ́n lè rí owó ìtúsílẹ̀ san. Ní òru ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021, àwọn agbébọn wọ Ìgangan. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sun ilé, wọ́n sì ti iná bọ ààfin Aṣígangan. Láti Ìgangan dé Tápà àti Ayétẹ̀, láti Ìdèrè dé Igbó-Ọrà, Lánlátẹ̀ àti Èrúwà, kò sí ọ̀kan nínú ìlú méjèèje tí ẹ̀rù kò bà. Èkejì ni pé ní oṣù kẹta ọdún 2023 a ṣe àtúnṣe sí òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà. Kí ó tó di ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan; láti ìgbà náà, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní àṣẹ nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ń sọ nísinsìnyí pé kí ìjọba kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n líle, kì í ṣe Àbújá tí ó jìnnà nìkan ni à ń bá wí. Ìjọba tí ó wà ní Ìbàdàn lè gbọ́, ó sì lè ṣe é. Ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń béèrè kí a tó rí i gbà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí pé ohun tí à ń pè ní ẹ̀wọ̀n lónìí kì í ṣe ohun tí àwọn baba ńlá wa mọ̀. Irin tí a so kọ́ra, tí a fi ń de ènìyàn, ni ẹ̀wọ̀n ní èdè wa. Nígbà tí Òyìnbó kọ́ ilé tí ògiri yí ká, a mú orúkọ irin náà, a fi pe ilé náà. Láyé àtijọ́, a lè fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ẹni tí a fẹ̀sùn kàn títí ẹjọ́ rẹ̀ yóò fi yanjú. Lẹ́yìn èyí, ó lè san ìtanràn, a lè lé e kúrò nílùú, a lè tà á lẹ́rú, bí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ bá sì tóbi, a lè pa á. N kò sọ pé àwọn ìjìyà wọ̀nyí dára ju tòde òní lọ. Ta ni yóò fẹ́ kí a padà sí ọjọ́ tí a ń ta ènìyàn? Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣàkíyèsí ni pé ìdè ni ó ń ṣáájú ẹjọ́, ìjìyà ni ó sì ń tẹ̀lé e. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ó wá da méjèèjì pọ̀, nítorí pé ẹni tí a dá lẹ́bi àti ẹni tí a kò tíì dá lẹ́bi ń gbé abẹ́ òrùlé kan náà, wọ́n ń jẹ oúnjẹ kan náà, ará ìta kò sì mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ẹlẹ́wọ̀n ni gbogbo wọn lójú rẹ̀.

Àwọn tí ń fẹ́ ọgbà ọ̀tọ̀ ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu. Wọ́n ní àgùntàn tí ó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Ọmọ ogún ọdún tí ó jí fóònù, tí a sọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, bí ó bá ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògbólógbòó adigunjalè ní alaalẹ́, iṣẹ́ wo ni yóò kọ́ jáde? Ìjọba kò rán an lọ kí ó lọ kọ́ṣẹ́ olè, ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ni ó ṣe. Ẹni tí a bá sì gbàgbé nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ẹlẹ́wọ̀n tí kò lágbára, ẹni tí àwọn alágbára ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń lù, tí wọ́n ń sọ di ẹrú wọn. Bí a bá ya àwọn oníwà ipá sọ́tọ̀, òun ni ó kọ́kọ́ rí ìgbàlà.

Ọ̀rọ̀ ààbò ìlú tún wà níbẹ̀. Ní òru ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 2022, àwọn agbésùnmọ̀mí ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje ní agbègbè Àbújá. Ọgbà tí ààbò rẹ̀ mọ níwọ̀n ni Kuje, síbẹ̀ níbẹ̀ ni a kó àwọn tí a fura sí pé wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Boko Haram sí, pẹ̀lú àwọn arúfin kéékèèké. Ó ju ènìyàn 800 lọ tí ó jáde lóru ọjọ́ náà. Nítorí àwọn díẹ̀ tí ẹgbẹ́ wọn wá gbà, gbogbo ẹni tí ó wà nínú ọgbà náà àti gbogbo ará àdúgbò ni ó bọ́ sínú ewu. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá parí síbí, èmi náà ì bá ní kí a bẹ̀rẹ̀ sí í po bíríkì lọ́la.

Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀, nítorí pé a ti ní irú ọgbà tí a ń béèrè yìí ní ìpínlẹ̀ wa tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ti Ìbàràpá gba Ìsẹ́yìn kọjá yóò dé Ọ̀yọ́, ní Ọ̀yọ́ ni Abolongo wà, ọgbà tí a kà mọ́ àwọn tí ààbò wọn le jùlọ. Ọdún 2007 ni a ṣí i, a sì kọ́ ọ fún ènìyàn 160. Ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2021, àwọn agbébọn gbógun tì í, wọ́n fi ohun abúgbàù fọ́ ògiri rẹ̀, wọ́n sì wọlé. Lẹ́yìn náà ni àwọn aláṣẹ ẹ̀wọ̀n ka iye ènìyàn tí ó wà níbẹ̀ fún aráyé gbọ́. Ènìyàn 907 ni ó wà nínú ilé tí a kọ́ fún 160. Nínú àwọn 907 yìí, 64 péré ni a ti dá lẹ́bi. Àwọn 843 yòókù ń dúró de ẹjọ́. Àwọn tí ń dúró de ẹjọ́ yìí ni 837 nínú wọn jáde. Yàrá àwọn tí a ti dá lẹ́bi àti ti àwọn obìnrin ni a kò fọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ìṣirò náà kà. A kọ́ ọgbà tí ó le jùlọ fún àwọn ọ̀daràn tí ó burú jùlọ, nígbà tí a sì wo inú rẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, méje péré ni adájọ́ kan tíì sọ fún pé ó jẹ̀bi. Ní Kuje, àwọn tí ó léwu wà nínú ọgbà tí kò le tó. Ní Abolongo, àwọn tí a kò tíì mọ̀ bóyá wọ́n léwu wà nínú ọgbà tí ó le jù. Ọ̀ràn kan náà ni méjèèjì. A kò ṣa ènìyàn kí a tó kó wọn.

Bí ó ti ń rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Bí ọlọ́pàá bá mú ènìyàn lórí ẹ̀sùn ìdigunjalè tàbí ìpànìyàn, iwájú adájọ́ májísíréètì ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé e lọ. Májísíréètì kò ní àṣẹ láti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀; ilé ẹjọ́ gíga ni ó ni ín. Nítorí náà, yóò ní kí a fi í sí àhámọ́ ná, kí a sì fi ìwé ẹjọ́ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ fún ìmọ̀ràn. Níbẹ̀ ni ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Ìwé lè sọnù. A lè gbé ọlọ́pàá tí ó jẹ́ ẹlẹ́rìí lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ẹni tí a mú lè ṣàìní owó lọ́yà. Ẹni tí ẹ̀sùn rẹ̀ kéré lè rí bélì gbà kí ó sì máa ti ilé wá jẹ́jọ́. Ẹni tí ẹ̀sùn rẹ̀ tóbi ni kì í rí i gbà. Ẹ kò rí i pé ìwúwo ẹ̀sùn ni ó ń kún ọgbà líle, kì í ṣe ìwúwo ẹ̀ṣẹ̀? Ẹ̀sùn kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Aládùúgbò tí a jọ ń jà lórí ilẹ̀ lè fẹ̀sùn kan ni. Ọlọ́pàá tí ó fẹ́ kí àwọn ọ̀gá rẹ̀ rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ lè fẹ̀sùn kan ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ni a ó wá pe ìlú tí ó ń fi ìyà jẹ ènìyàn láìgbọ́ ẹjọ́ ẹnìkankan rárá?

Àwọn àgbà a máa sọ pé láti ara bàrà ni orúkọ Ìbàràpá ti wá, ẹ̀gúsí tí ilẹ̀ wa fi lókìkí. Gbogbo ìyá tí ó ń ta ẹ̀gúsí ní ọjà Èrúwà mọ̀ pé a kì í ti ojú èèpo ṣa á. Inú èèpo ni èyí tí ó dára àti èyí tí ó bàjẹ́ wà; àfi kí a bó o, kí a fẹ́ ẹ, kí a tó lè kó èyí sápá kan, kí a sì kó ìyẹn sápá kejì. Ẹjọ́ ni bíbó náà. Ẹni tí ó bá ní òun ti ya àwọn ènìyàn búburú sọ́tọ̀ nígbà tí kò tíì gbọ́ ẹjọ́ wọn, èèpo ni ó ń ṣà.

Èmi mọ ohun tí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yóò wí. Yóò wí pé: "Ìwọ jókòó ní yunifásítì, ò ń ro ti ẹni tí ó jí ọmọ mi gbé. Ta ni ó ro ti ọmọ mi?" Ọ̀rọ̀ náà wúwo, n kò sì ní fojú tín-ín-rín rẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko, àwa ará Ìbàràpá sì ti rí ọjọ́ tí olóko ń fi ara pamọ́ fún olè lórí ilẹ̀ baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ó gbọ́ tèmi. Àwọn 843 tí ó wà ní Abolongo lọ́jọ́ náà, a kò tíì sọ fún ẹnìkankan nínú àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ pé, "Ẹni tí ó ṣe ọ́ nìyí." Bí ẹni tí ó pa ọmọ rẹ bá wà láàárín wọn, ìwọ kò tíì gba ìdájọ́ rẹ. Bí kò bá sì sí láàárín wọn, ó ń rìn káàkiri ní òmìnira, nígbà tí a ti fi ẹlòmíràn dí àyè rẹ̀, tí ìjọba sì ń sọ fún ọ pé iṣẹ́ ti parí. Ògiri gíga lè tan ẹni tí a ṣẹ̀ jẹ ju bí ó ti ń dá ẹni tí ó ṣẹ̀ dúró lọ.

Àwọn baba wa wí pé ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Nígbà tí àwọn ènìyàn kò bá rí ọba tí yóò gé ìka náà, wọn a gbé àdá fúnra wọn, wọn a sì gé gbogbo ọwọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, inú bí àwọn ènìyàn ní Ìgangan, a sì dáná sun ilé Sàríkí àwọn Fúlàní tí ó wà níbẹ̀. Ìbínú náà ní orísun, gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n iná kì í béèrè orúkọ kí ó tó jó ilé. Nínú àwọn tí ó sá lọ lọ́jọ́ náà, ta ni ó jẹ̀bi, ta ni kò jẹ̀bi? Kò sí ilé ẹjọ́ kan tí ó bójú tó èyí. Ẹ̀yin ará mi, ẹni tí ó fi iná sun ilé ẹ̀yà kan nítorí ọ̀daràn, àti ìjọba tí ó kó 843 pamọ́ nítorí ọ̀daràn, ìròrí wọn jọra: pé a lè kó gbogbo wọn papọ̀, kí a má ṣe yọ ara wa lẹ́nu láti mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.

Ìdí mìíràn tún wà tí ó fi yẹ kí a ṣọ́ra. Ta ni yóò máa sọ pé ẹni kan léwu? Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1963, a rán Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá pé ó dìtẹ̀ sí ìjọba, a sì gbé e lọ sí Kàlàbá tí ó jìnnà sí àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1966, ìjọba mìíràn dá a sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi jókòó gẹ́gẹ́ bí igbá-kejì alága ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso orílẹ̀-èdè kan náà. Láti ọdún 1967 títí di 1969, a fi Wọlé Ṣóyínká sí àhámọ́ láìgbé e lọ sílé ẹjọ́ kankan, ọ̀pọ̀ nínú ọjọ́ náà ni ó sì dá nìkan lò. Ọdún 1986 ni gbogbo ayé fi ẹ̀bùn Nobel dá a lọ́lá. Ẹni tí ìjọba òní bá pè ní ewu, ọ̀la lè pè é ní ọlá. Nítorí náà, ilẹ̀kùn ọgbà líle kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí òṣèlú lè fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣí.

Àwọn ilẹ̀ mìíràn ti jà lórí ọ̀rọ̀ yìí rí. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1966, George Blake, amí tí a ti rán lọ sẹ́wọ̀n ọdún 42, fo ògiri ẹ̀wọ̀n Wormwood Scrubs ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì sá lọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí Mountbatten wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ó dá ìmọ̀ràn pé kí a kọ́ ọgbà kan ṣoṣo tí ó le bí odi ogun, kí a sì kó gbogbo àwọn tí ó léwu jùlọ sí i. Ní ọdún 1968, ìgbìmọ̀ mìíràn, tí Radzinowicz jẹ́ alága rẹ̀, kọ ìmọ̀ràn náà. Wọ́n ní bí a bá kó gbogbo àwọn tí kò nírètí sí ojú kan, àìnírètí náà ni yóò máa jọba níbẹ̀. Ó sàn kí a pín wọn sí ọgbà líle mélòó kan, kí a tún ògiri wọn ṣe. Àwọn ará Amẹ́ríkà gba ọ̀nà kejì. Ní ọdún 1994 wọ́n ṣí ọgbà kan ní Florence, ní ìpínlẹ̀ Colorado, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́wọ̀n ti ń lo bíi wákàtí 23 nínú 24 ní òun nìkan nínú yàrá. Wọn kì í sá níbẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2015 Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi lélẹ̀ nínú àwọn òfin tí a fi orúkọ Mandela pè pé kí a má ṣe fi ẹnikẹ́ni sí àdáwà bẹ́ẹ̀ ju ọjọ́ 15 léraléra lọ. Orúkọ ẹni tí a fi pè é tó ẹ̀kọ́: ní ọdún 1964 ni a mú Mandela lọ sí Erékùṣù Robben gẹ́gẹ́ bí ọ̀daràn ńlá.

Kí wá ni ìdáhùn mi? Ìdáhùn mi ni pé ó tọ́. Ó tọ́ kí a ya àwọn tí a ti dá lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ ńlá sọ́tọ̀, nítorí ìlú, àti nítorí àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí kò lágbára. Ṣùgbọ́n ó tọ́ bí ohun mẹ́ta bá wà, bí ọ̀kan bá sì yẹ̀, kò tọ́ mọ́.

Èkíní ni pé ẹni tí adájọ́ kò tíì dá lẹ́bi kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀, bí ó ti wù kí ẹ̀sùn rẹ̀ tóbi tó. Bí ó bá léwu, kí a ṣọ́ ọ níbòmíràn, kí a sì yára gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Òfin tí a ṣe ní ọdún 2019, tí ó yí orúkọ iléeṣẹ́ ẹ̀wọ̀n padà sí ti àtúnṣe ìwà, fún àwọn aláṣẹ ọgbà ní agbára láti kọ ẹni tuntun bí ọgbà bá ti kún. Abolongo jẹ́rìí pé ọdún méjì lẹ́yìn òfin náà, a ṣì ń kó 907 sí ibi tí a kọ́ fún 160. Nítorí náà, owó àkọ́kọ́ tí ìjọba Ìbàdàn bá rí, kí ó fi gba adájọ́, kí ó fi gba lọ́yà fún àwọn tí kò lówó, kí ó fi wá ìwé ẹjọ́ tí ó sọnù. Ẹ̀yìn èyí ni bíríkì.

Èkejì ni pé líle ògiri kò gbọdọ̀ di líle ọkàn. Òmìnira ni a gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀. A kò gba oúnjẹ, oògùn, ìmọ́lẹ̀ àti ohùn ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́dà tí a bá kọ́ láti máa hùwà sí ènìyàn bí ẹranko yóò gbé ìwà náà lọ sílé fún aya àti ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé kí ọ̀nà àbájáde wà. Kí a máa yẹ ọ̀rọ̀ olúkúlùkù wò láti ìgbà dé ìgbà, kí ẹni tí ìwà rẹ̀ bá yí padà lè kúrò nínú ọgbà líle lọ sí èyí tí ó rọ̀ díẹ̀, bí kò bá tilẹ̀ lè lọ sílé. Ọmọ ẹni kì í burú títí kí a fi í fún ẹkùn pa jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin láàárín wa, iṣẹ́ yín nìyí. Bí ìjọba bá dé tí ó ń wá ilẹ̀ sí Ìbàràpá fún irú ọgbà bẹ́ẹ̀, inú ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dùn, wọn yóò sì béèrè bí ògiri rẹ̀ yóò ti ga tó. Kí ẹ̀yin béèrè adájọ́ mélòó ni yóò bá a wá. Ògiri lè dá ènìyàn dúró, ṣùgbọ́n kò lè sọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọgbà tí a kó àwọn tí a kò gbọ́ ẹjọ́ wọn sí, itọ́ ni a fi mọ ọ́n, kódà bí ó jẹ́ òkúta ni a rò pé a fi kọ́ ọ.